Ìpè Mẹ́ta Kí Ìbọn Tó Dún

Springdale, Maryland
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Oyinkán ìyàwó wa ní òun kúnlẹ̀ kí yín. Ìtẹ́olúwa ọmọ-ọmọ yín ti pé oṣù mẹ́ta, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ọsibítù báyìí, wákàtí méjìlá-méjìlá, bí mo bá sì wọlé láàárọ̀, oorun ni mo máa ń kí kí n tó kí ìyàwó. Láti ìgbà tí ariwo ìbọn ti di yín létí, tí fóònù kò wúlò fún yín mọ́, mo mọ̀ pé lẹ́tà nìkan ni ohùn mi lọ́dọ̀ yín. Mo ti fi èyí ránṣẹ́ sórí fóònù Ayọ̀kúnnúmi àbúrò mi, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín bó ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n ti jí ọkọ̀ mẹ́ta ní òpópónà wa láàárín oṣù kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé kan tó kọjú sí tiwa, ìyálé ilé náà sì wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wà níbi iṣẹ́, ọkàn mi kì í sí lọ́dọ̀ aláìsàn tí mò ń tọ́jú. Mo máa ń wo kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ilé wa lórí fóònù mi títí iná rẹ̀ fi máa kú. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn ún gbọ́.

Rasaq, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń gbé ní Temple Hills, ní kí n ra ìbọn. Òun ní méje. Ó ní ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ló yẹ kó ní: ọ̀kan fún ọdẹ, ọ̀kan fún eré ìdárayá, ọ̀kan fún ààbò ilé. Mo bi í pé ṣé ọ̀kan ò lè ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ó ní ṣé ọmọrogùn tí wọ́n fi ń ro ọkà náà ni mo fi ń po tíì. Ẹ̀yin lẹ ti gbé ìbọn fún ogójì ọdún ó lé. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Ẹ má sọ fún Màmá o. Físà wọn ti jáde, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá bá wa tọ́jú ọmọ, n kò fẹ́ kí wọ́n torí ìbọn yí ọkàn padà.

Èmi ọmọ yín,
Ẹkúndayọ̀


Ìgbòho, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Ẹkúndayọ̀ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, a dúpẹ́ pé ara gbogbo yín le. Ìyá rẹ ti di ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì ti tú u lẹ́ẹ̀mẹrin. O ní kí n má sọ fún un. Ayọ̀kúnnúmi ti ka lẹ́tà rẹ sókè nínú ilé ìdáná kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí náà ìyá rẹ ló kọ́kọ́ gbọ́, èmi ni mo gbọ́ ṣìkejì. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun fẹ́ ọdẹ, òun kò bí ọdẹ. Mo ti kọ ọ́.

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo ní kí o tẹ̀lé mi lọ sí igbó, o ní ẹ̀fọn ń jẹ ọ́. Ṣé ẹ̀fọn Amẹ́ríkà kò lẹ́nu ni? Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni o bi mí, ọ̀rọ̀ ìbọn ni n ó fi dá ọ lóhùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní méje, ìbọn ló ní, kò ní iṣẹ́ ọdẹ. Èyí tí a fi ń pẹran ni kí o kọ́kọ́ rà, ìbọn gígùn tó ń gba kátíríìjì. Ó wúwo, kò ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, tẹrú-tọmọ ló ń rí i lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Ìyẹn a máa jẹ́ kí èèyàn ronú kó tó gbé e. Lo ọdún kan pẹ̀lú rẹ̀. Máa tú u, máa nù ún, máa fi epo ra á, kí o tó ronú kan èkejì. Èyí tí o pè ní ti eré ìdárayá, Ayọ̀kúnnúmi ní bébà ni ẹ máa ń yìn ín sí. Bébà kì í sáré, kò sì ṣeé sè jẹ, ṣùgbọ́n bí yóò bá kọ́ ọwọ́ rẹ láti dúró jẹ́ẹ́, ra kékeré tí ọta rẹ̀ kò wọ́n. Ti ààbò ilé, ìbọn ìléwọ́ yẹn, ni n kò fẹ́. Kò sí ẹran tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Èèyàn nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o ó rà á. Nítorí náà, gba èyí lọ́wọ́ mi. Má kó ìbọn àti ọta pọ̀ sójú kan. Má dojú rẹ̀ kọ ohun tí o kò fẹ́ pa, ì báà ṣófo. Bí o bá sì gbọ́ ìró tí o kò mọ ẹni tó ni ín, pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó yìn ín. Èèyàn rere yóò dáhùn. Ohun tí a bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò fọhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn rẹ. Òfin tí mo fi ń dẹ ọdẹ nìyẹn, gbogbo Ìgbòho ló mọ̀ ọ́n mọ́ mi, àwọn ọdẹ kéékèèké sì ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi.

Má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó kọ̀wé. Bí ìyá rẹ bá ti lọ, ògiri ni n ó máa bá sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ


Springdale, Maryland
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò Màmá. Wọ́n dé láyọ̀, wọ́n sì gbé odindi àpò èlùbọ́ kan dé. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni Ìtẹ́olúwa kọ́kọ́ sùn wákàtí márùn-ún láìjí, orí ẹ̀yìn wọn ló sì wà. Oyinkán sunkún nígbà tó rí i. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní ọsibítù tiẹ̀.

Mo ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ti ọdẹ ni mo kọ́kọ́ rà bí ẹ ṣe wí, ìbọn gígùn tó ń gba kátíríìjì, nítorí wọn kò gbà kí wọ́n fi ráífù pa àgbọ̀nrín ní agbègbè wa. Mo ra ráífù kékeré fún bébà. Èmi àti Rasaq ti lọ yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi kò tíì dúró. Ohun kan yóò pa yín lẹ́rìn-ín: sáà kan wà níbí tí àwọn ọdẹ òyìnbó ń lo ìbọn oníbàrúùdù bíi tiyín, tí wọ́n ń ti ẹ̀tù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tí wọ́n sì ń sanwó gidi fún un. Àwọn àgbọ̀nrín ọ̀hún sì ń wá jẹ òdòdó níwájú ilé wa. Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ rí wọn, wọ́n ní kí n má tíì pa wọ́n, kí àwọn kọ́kọ́ bi ẹni tó ni wọ́n.

Ìwé ti ìbọn ìléwọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí lẹ́tà yín tó dé. Wọ́n gba àtẹ̀ka mi, mo jókòó sí kíláàsì fún odindi àárọ̀ kan, mo sì yìnbọn lójú olùkọ́. Olùkọ́ náà ní bí a bá gbọ́ ìró olè, kí a ti ara wa mọ́ yàrá, kí a pe ọlọ́pàá, kí a má lọ wá a kiri ilé. Ó ní ẹni tí a kò bá fi iná wò dájú, a kò gbọdọ̀ yìn ín. Mo rò ó lọ́kàn pé òun kò gbé inú igbó rí. Àpótí onírin tó ń fi ìka mi ṣí ni mo tọ́jú ìbọn ìléwọ́ náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Màmá kì í wọ yàrá wa mọ́ nítorí àpótí náà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń na ọwọ́ gba ọmọ. Wọ́n tún ń pa gbogbo iná ilé, bí mo bá tan èyí lókè, wọn yóò ti pa tìsàlẹ̀. Mo ní owó iná wa kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lajú sílẹ̀ kò nílò iná lọ́sàn-án. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ìbọn ti wọlé, ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Ìró tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀ ni mò ń gbọ́ báyìí.

Èmi ọmọ yín,
Ẹkúndayọ̀


Ìgbòho
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, 2024

Ẹkúndayọ̀ ọmọ mi,

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gbúròó rẹ kẹ́yìn. Mo ti fèsì sí ti iná, mo ní kí o jẹ́ kí ìyá rẹ pa á, kò sẹ́ni tó lè yí i padà níbí, bóyá òtútù yóò yí i padà lọ́hùn-ún. O kò wí nǹkan kan.

Ayọ̀kúnnúmi bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá. Ó ní ìyá rẹ sọ pé àlàáfíà ni. Mo bi í bí ó ṣe sọ ọ́, ó ní ó sọ ọ́ kíákíá, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá rẹ tí mo mọ̀ kì í lo ọ̀rọ̀ kan níbi tí ogún bá gbà. Ṣé ọmọ ń ṣàìsàn ni? Àbí òun àti Oyinkán ń jà? Bí ìjà bá ni, sọ fún mi, n ó dá ìyá rẹ lẹ́bi láti ibi tí mo wà, yóò sì parí.

Fi àwòrán gbogbo yín ránṣẹ́, kí n rí ojú ìyá rẹ.

Bàbá rẹ


Ìgbòho
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá, 2024

Ẹkúndayọ̀,

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ dé, ọmọ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Èmi kò bèèrè ọmọ nìkan.

Ayọ̀kúnnúmi ti ń sá fún mi. Bí mo bá bi í léèrè, á ní òun fẹ́ lọ máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Ẹ ti mọ nǹkan kan tí ẹ kò fẹ́ kí n mọ̀. Mo ti darúgbó, etí mi ti di, ṣùgbọ́n n kò tíì di òmùgọ̀. N kò lè jẹun. Bí ìyá rẹ bá ti kú, kọ ọ́ kí n kà á. Bí kò bá kú, jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ.

Bàbá rẹ


Springdale, Maryland
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Màmá kò kú. Wọn yóò kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Ara Oyinkán àti Ìtẹ́olúwa le. Ìgbà mẹ́fà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, tí mo sì fà á ya. Èmi ni mo bẹ Ayọ̀kúnnúmi pé kó má sọ, ẹ má bá a wí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo sùn. Oyinkán àti Màmá fẹ́ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ jáde, mo mọ̀ pé èmi nìkan ló kù nílé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé orúnkún ń dun Màmá, wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n má bàa jí mi, wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ báísímẹ́ńtì, yàrá ìsàlẹ̀ ilé níbi tí a gbé àpò èlùbọ́ sí. Wọn kò tan iná. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ìkòkò irin kan jábọ́ nísàlẹ̀, mo sì ta jí.

Mo rántí ohun tí olùkọ́ sọ. Ilẹ̀kùn yàrá wà níwájú mi, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Tiyín ni mo tẹ̀lé, nítorí pé ẹ̀yin ni bàbá mi. Mo mú ìbọn ìléwọ́, mo lọ dúró lórí àtẹ̀gùn. Mo pè lẹ́ẹ̀mejì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́ẹ̀kẹta mo pè ní Yorùbá, mo ní, "Ta nìyẹn?" Ẹnikẹ́ni kò fọhùn. Nǹkan kan mira lẹ́yìn àpò èlùbọ́, mo sì yìn ín.

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ọta gba inú àpò kọjá, ó wọ ògiri, kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí orí ìyá mi. Èlùbọ́ bo gbogbo ibẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Inú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí wọ́n fi oríkì mi pè mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Àjàní, ṣé ìwọ ni?"

Mo bi wọ́n lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n ní ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn rò pé tẹlifíṣọ̀n ni. Ti Yorùbá ni wọ́n gbọ́ ketekete, wọ́n mọ̀ pé ohùn mi ni, ìdí tí wọn kò sì fi dáhùn gan-an nìyẹn. Ojú oorun ni wọ́n fi mí sí. Ìyá wọn ti kọ́ wọn láti kékeré pé bí ohùn tí o mọ̀ bá ń pè ọ́ lọ́sàn-án gangan, tí o kò rí ojú ẹni tó ni ín, má jẹ́ ẹ. Wọ́n fara mọ́ ògiri, wọ́n ń gbàdúrà nínú pé kí ohun tó mú ohùn mi yẹn má ṣe rí èmi fúnra mi lókè.

Àwọn ará òpópónà pe ọlọ́pàá. Wọ́n kó ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé sí mi, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n lè gba ìwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi. Màmá sọ fún wọn, Oyinkán ń túmọ̀ rẹ̀, pé ẹ̀bi àwọn ni, pé ó yẹ kí àwọn ti tan iná. Wọn kò bá mi wí láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ wọ yàrá kankan nínú ilé yìí, wọ́n máa ń kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a ní, "Àjàní, èmi ni mò ń bọ̀ o." Bí mo bá wà níbẹ̀, bí n kò sí níbẹ̀. Èyí tó ń pa mí nìyẹn.

Bàbá, ẹni tó kọ́ yín ní ìpè mẹ́ta, kí ló ní kí á ṣe bí ẹni tí kò dáhùn bá jẹ́ èèyàn?

Èmi ọmọ yín,
Ẹkúndayọ̀

Èmi rèé, Bàbá Ẹkúndayọ̀. Ẹ jẹun. Àbíkẹ́


Ìgbòho
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejìlá, 2024

Ẹkúndayọ̀ ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀kan, n kò lè kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọwọ́ rẹ gbọ̀n. Ká ní ọwọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ tí mo fẹ́ fún ọ ni o ní, èmi ni ǹ bá pa ìyàwó mi.

O bi mí ní ìbéèrè kan. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ìpè mẹ́ta. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi ni pé ohun tí ojú rẹ kò bá tíì rí tán, má yìn ín. Olùkọ́ rẹ òyìnbó yẹn, ẹ̀kọ́ bàbá mi ló kọ́ ọ. Èmi fúnra mi ni mo dá ìpè mẹ́ta sílẹ̀, ní ọdún tí mo yìnbọn pa Abdulwahab.

O kò mọ̀ ọ́n, a kò tíì bí ọ. Àgbẹ̀ ni, ọ̀dọ́kùnrin bíi tèmi nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ létí odò ní ìdájí, ó ń ṣe àlùwàlá. Mo rí koríko tó mira, mo yìn ín. Kò tíì dé ilé tó fi kú. Nígbà tí àwọn àgbà pè mí, wọ́n bi mí bóyá mo pè é. Mo ní mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Ẹkúndayọ̀, n kò pè é rárá. Mo rò pé àgbọ̀nrín ni, ta ní ń pe àgbọ̀nrín? Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn mi.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Jamilah ìyàwó rẹ̀ wá bá mi, oyún wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ló gbọ́ yín, tí kò dáhùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sunkún. Ó ní irú agídí rẹ̀ nìyẹn, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bínú sí òkú ọkọ rẹ̀, ó sì fi ìbínú yẹn tọ́ ọmọ wọn.

Mo ń sọ irọ́ náà títí ó fi di òfin. Nígbà tí o bi mí ní oṣù kẹsàn-án, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé òótọ́ ni. Mo sì fi ṣakọ nínú lẹ́tà sí ọ.

Mo ti fún Ayọ̀kúnnúmi ní èyí kà kó tó ya fọ́tò rẹ̀ fún ọ. Láti ìgbà náà kò tíì wo ojú mi. Bí àwọn ọlọ́pàá bá tún bi ọ́, sọ iye ìgbà tí o pè àti ohun tí ojú rẹ rí, má ṣe fi ẹyọ kan kún un. Bí wọ́n bá gba ìwé iṣẹ́ rẹ, o ó wá iṣẹ́ mìíràn. O ti yìnbọn bíi tèmi, má bá mi jogún irọ́. Ní ọ̀la, mò ń lọ sọ́dọ̀ Jamilah láti sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ìpè kankan, lẹ́yìn náà ni n ó lọ sọ fún àwọn ọdẹ.

Ìyá rẹ kò mọ̀. Ọdún kejì tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ ẹ, àwọn èèyàn rẹ̀ sì gbà fún mi nítorí pé wọ́n gbọ́ pé èmi ni ọdẹ tí kì í yìnbọn láì pe èèyàn. Tan iná. Jókòó síbi tí yóò ti máa rí ojú rẹ, kí o ka lẹ́tà yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ní òun kò padà wá sọ́dọ̀ mi mọ́, má bá mi bẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ